Ta Ló Máa Kà Á? Ohun Tí Ìwé John Ruskin Kan Rí Lọ́wọ́ Òǹkàwé

  Àwọn àgbà ní ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá bọ́ sílẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ fi kún un pé ẹyin mìíràn wà tó jẹ́ pé bó bá bọ́, kì í fọ́. Inú koríko ló máa wà, gbogbo ayé á gbàgbé rẹ̀, yóò sì pa ní ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni kò retí. Irú ẹyin bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ fún yín.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó gbé mi dé ìdí ìtàn náà. Nínú ẹ̀dà ìwé wa tó jáde kẹ́yìn, mo kọ ewì kan nípa ìyá tó ń gbá ọ̀dẹ̀dẹ̀ họ́sítẹ́ẹ̀lì. Bóyá ẹ rántí rẹ̀, bóyá ẹ ò rántí. Ojú ìwé kẹtàlá ni, íǹkì kò sì gbé ìlà méjì tó kẹ́yìn dáadáa. Ohun tí mo wí níbẹ̀ kò ju pé agbaṣẹ́ṣe tó gba ìyá náà síṣẹ́ ti jẹ ẹ́ lówó oṣù mẹ́ta, àwa sì ń da omi ọbẹ̀ sílẹ̀ fún un láti nù bí ẹni pé ẹ̀rọ ni.

Èsì tí mo gbà nìyí. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń kọ́ ìmọ̀ ọrọ̀ ajé ní, "Akéwì, Yorùbá lo wá kọ́ ńbí. Ta ló pè ẹ́ sí ọ̀rọ̀ owó oṣù?" Gbogbo yàrá bú sẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, mo ra ẹ̀pà ní ẹnu géètì, mo tú bébà rẹ̀, ojú ìwé kẹtàlá ni! Mo jẹ ẹ̀pà náà tán, mo ka ewì ara mi láàrin èèpo ẹ̀pà. Ṣùgbọ́n èyí tó dùn mí jù ni ti ìyá náà fúnra rẹ̀. Mo ka ewì náà sí i létí. Ó fọwọ́ lé ìgbálẹ̀, ó gbọ́ ọ títí dé òpin, ó ní, "Ó dáa, ọmọ mi. Ọlọ́run á bù kún ẹ. Ṣùgbọ́n ta ló máa kà á?"

Mi ò rí èsì fọ̀. Mo ń ro ó lọ ro ó bọ̀ títí mo fi wọ láíbìrì lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí iná ti lọ. Níbẹ̀ ni mo ti rí ìwé tín-ín-rín kan, *Unto This Last*, tí John Ruskin kọ. Bébà tí wọ́n ń lu òǹtẹ̀ sí lẹ́yìn rẹ̀ fi hàn pé kò sẹ́ni tó yá a láti 1987. Mo ní, "Ìwọ náà kọ́ rèé?" Bí mo ṣe jókòó tì í nìyẹn.

Ta ni Ruskin? Wọ́n bí i ní London ní ọjọ́ 8 oṣù Kejì 1819. Oníṣòwò wáìnì ni bàbá rẹ̀, owó wà nílé. Ohun tí ayé fi mọ̀ ọ́n ni pé ó ń kọ́ àwọn ará ìlú rẹ̀ bí a ṣe ń wo àwòrán, òkè, àti ilé àtijọ́. Apá kìíní *Modern Painters* jáde ní 1843, *The Stones of Venice* sì jáde láàrin 1851 sí 1853. Kó tó di 1860, bí Ruskin bá ti ní àwòrán kan dára, àwọn olówó á gbà fún un. Ẹ rántí kókó yìí o, nítorí òun gan-an ni wọ́n padà fi gbá a létí.

Ní oṣù Kìíní 1860, George Smith dá ìwé ìròyìn olóṣooṣù kan sílẹ̀ ní London, ó pè é ní *The Cornhill Magazine*. (Kí ẹ lè mọ bí ìgbà náà ṣe rí: oṣù kan péré ṣáájú ni Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròyìn tirẹ̀ ní Abẹ́òkúta.) Ṣílè kan ni wọ́n ń ta Cornhill. William Makepeace Thackeray, òǹkọ̀wé ìtàn àròsọ ńlá nì, ni olóòtú rẹ̀. Ẹ̀dà kìíní tà ju 100,000 lọ. Ta ló ń rà á? Àwọn tí ara dẹ̀ díẹ̀ ni: oníṣòwò, lọ́yà, ìyàwó àlùfáà, àwọn tó ní ìpín nínú ilé iṣẹ́ òwú. Ìwé tí bàbá, ìyá àti ọmọ lè jọ kà nínú pálọ̀ láìsí ìjà ni wọ́n fẹ́.

Ní oṣù Kẹjọ ọdún náà ni wọ́n ṣí i tí wọ́n rí orúkọ Ruskin. Wọ́n rò pé ọ̀rọ̀ àwòrán ni. Àṣé ọ̀rọ̀ owó ni! Inú Ìwé Mátíù orí 20 ló ti mú àkọlé rẹ̀, ìtàn baálé ilé tó gba alágbàṣe sínú ọgbà àjàrà. Àwọn kan bẹ̀rẹ̀ ní àárọ̀ kùtù, àwọn kan dé lọ́sàn-án, àwọn kan dé nígbà tí oòrùn fẹ́ wọ̀. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, owó kan náà ló san fún gbogbo wọn. Ẹni tó dé kẹ́yìn gba iye tí ẹni àkọ́kọ́ gbà. Gbogbo wa la ti gbọ́ ìtàn yìí ní Sunday School, a ní ti ọ̀run ni. Ruskin ní rárá, ti ọjà ni.

Àròkọ mẹ́rin ló kọ. Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ tèmi kó wọn jọ. Ó ní àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé ìgbà náà, Ricardo àti John Stuart Mill pàápàá, ń ṣírò èèyàn bí ẹni pé ẹ̀rọ tí kò ní ọkàn ni. Ó bi wọ́n léèrè pé kí ló dé tí a fi ń bọ̀wọ̀ fún jagunjagun ju oníṣòwò lọ? Ó ní kì í ṣe torí pé jagunjagun ń pa èèyàn. Torí pé ó ṣe tán láti kú sí ẹnu iṣẹ́ rẹ̀ ni. Oníṣòwò náà gbọ́dọ̀ ní ohun tí ó máa kú kó tó ṣe é, bíi kó ta ọjà ayédèrú. Lórí owó iṣẹ́, ó ní kí iye rẹ̀ dúró sójú kan, kí a má máa fi ebi alágbàṣe kan já owó èkejì wálẹ̀. Ó ní bí bíṣọ́ọ̀bù bá kú, ṣé a máa ń kéde pé àlùfáà tó bá gba owó tó kéré jù ni kó wá jẹ oyè náà? A kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Kí ló wá dé tí a fi ń ṣe é fún bíríkìlà?

Ìtàn kan wà níbẹ̀ tí mi ò lè gbàgbé. Ọkọ̀ ojú omi kan fẹ́ rì. Ọkùnrin kan nínú rẹ̀ di wúrà rẹ̀ mọ́ ìbàdí, ó bẹ́ sínú omi. Ìsàlẹ̀ omi ni wọ́n ti padà rí i. Ruskin wá béèrè pé bó ṣe ń rì lọ yẹn, ṣé òun ló ni wúrà ni, àbí wúrà ló ni ín? Ibi tó parí gbogbo rẹ̀ sí ni pé ọrọ̀ tó wà kò ju ẹ̀mí èèyàn lọ. Àwa tí a máa ń sọ pé ìlera lọrọ̀ ò ní rí nǹkan tuntun níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ní London 1860, bí ẹni ju òkúta sínú pálọ̀ ló rí.

Wọ́n bínú! Ìwé ìròyìn *Saturday Review* fi í wé obìnrin tíṣà ilé olówó tí orí rẹ̀ dàrú, tó wá fẹ́ fi ìwàásù pa gbogbo ayé. Àwọn mìíràn ní kó padà sídìí àwòrán rẹ̀, kí ló kan alárìíwísí ọnà pẹ̀lú ọ̀rọ̀ owó oṣù? (Ẹ rí i bí? Ọ̀rẹ́ mi onímọ̀ ọrọ̀ ajé kọ́ ló kọ́kọ́ sọ ọ́.) Ariwo náà pọ̀ dé ọ̀dọ̀ Thackeray àti George Smith tó ni ìwé. Olóòtú kọ̀wé sí Ruskin, tìrònú-tìrònú, pé kó wá nǹkan ṣe sí i, kó parí rẹ̀. Wọ́n gbà kí ẹ̀kẹrin gùn ju àwọn yòókù lọ, ó jáde ní oṣù Kọkànlá, ilẹ̀kùn sì tì.

Ẹnì kan wà tí inú rẹ̀ dùn. Thomas Carlyle, àgbà nínú àwọn òǹkọ̀wé àròkọ ìgbà náà, kọ lẹ́tà sí i pé inú òun dùn láti wà nínú ẹgbẹ́ tí kò ju ẹni méjì péré lọ. Ẹni méjì láàrin òǹkàwé tó ju ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ!

Ṣùgbọ́n nínú gbogbo àwọn tó bú u, ọ̀kan wà tí mo ka tirẹ̀ sí òǹkàwé tó gbọ́n jù. Ìwé ìròyìn kan ní Manchester, ìlú ilé iṣẹ́ òwú, ló kọ ọ́ ní oṣù Kẹwàá 1860. Wọn ò ní ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò já mọ́ nǹkan kan. Ohun tí wọ́n ní ni pé bí àwọn kò bá tètè tẹ̀ ẹ́ rì, ọ̀rọ̀ rẹ̀ lè kan ọkàn àwọn kan, kí ìdènà odò kan ṣí lójijì, kí omi gbé gbogbo wọn lọ. Òótọ́ ọ̀rọ̀, bí ìsọkúsọ ló ń rí. Àwọn tó ní ìsọkúsọ ni kò rí nǹkan kan. Àwọn tí ẹ̀rù bà ni wọ́n rí i.

Ní 1862, Ruskin kó àròkọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jọ, ó fi tẹ ìwé. Ó kọ ọ̀rọ̀ ìṣáájú sí i, níbi tó ti ní nínú gbogbo ohun tí òun ti kọ, àwọn ni òun kà sí èyí tó dára jù, tó sì lè wúlò jù. Ẹ̀dà 1,000 ni wọ́n tẹ̀. Lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, ẹ̀dà 1,000 yẹn kò tíì tán. Lọ́dún 1862 yẹn náà ló tún bẹ̀rẹ̀ àròkọ mìíràn lórí ọ̀rọ̀ yìí kan náà nínú *Fraser's Magazine*. Ní 1863, wọ́n tún dá a dúró. Ẹ fojú inú wo ọkùnrin yìí: olókìkí ni, olówó ni, síbẹ̀ ìwé tó fẹ́ràn jù lọ ń jẹ eruku ní sọ́ọ̀bù. Ìgbà tí mo ka ibẹ̀ ni mo rántí ẹ̀pà mi, mo sì rẹ́rìn-ín.

Ọ̀nà tí ìwé náà gbà jí kò gba inú pálọ̀. George Allen, káfíńtà kan tí Ruskin kọ́ ní yíya àwòrán ní ilé ẹ̀kọ́ alẹ́ fún àwọn òṣìṣẹ́, ló bẹ̀rẹ̀ sí í bá a ta ìwé láti 1871. Allen tẹ *Unto This Last* ní ẹ̀ẹ̀kejì ní 1877. Láti ibẹ̀, ẹ̀dà rẹ̀ ń bọ́ sọ́wọ́ àwọn tí ọ̀rọ̀ náà kàn gan-an: awakùsà, alágbẹ̀dẹ, àwọn tó ń kàwé lábẹ́ fìtílà lẹ́yìn iṣẹ́. Ruskin kú ní ọjọ́ 20 oṣù Kìíní 1900. Ní 1906, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ wọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Gẹ̀ẹ́sì lọ́pọ̀ yanturu fún ìgbà àkọ́kọ́. W. T. Stead, oníròyìn kan, kọ̀wé sí wọn pé àwọn ìwé wo ló sọ yín di ohun tí ẹ dà? Orúkọ tó jáde jù nínú èsì wọn ni ti Ruskin, *Unto This Last* sì wà lára ìwé rẹ̀ tí wọ́n dárúkọ. Ìdènà odò tí Manchester ń bẹ̀rù ti ń jò.

Ibi tó ya mí lẹ́nu jù ló kù yìí. Ní 1904, lọ́yà ọmọ Íńdíà kan tó ń gbé Johannesburg fẹ́ wọ rélùwéè lọ sí Durban. Mohandas Gandhi ni. Ìwé ìròyìn kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, *Indian Opinion*, gbèsè sì ń jẹ ìwé náà run. (Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú ìfaradà o.) Ọ̀rẹ́ rẹ̀ Henry Polak sìn ín dé ibùdó ọkọ̀, ó fi ìwé kan lé e lọ́wọ́ pé kó máa kà á lọ. *Unto This Last* ni. Nǹkan bíi wákàtí mẹ́rìnlélógún ni ìrìn àjò náà. Gandhi ní bí òun ṣe ṣí i, òun kò lè pa á dé. Alẹ́ ló dé Durban, kò rí oorun sùn lóru náà. Ó pinnu pé òun máa yí ayé òun padà láti bá ìwé yẹn mu.

Ohun mẹ́ta ló ní òun rí nínú rẹ̀: pé ire ẹnì kan wà nínú ire gbogbo èèyàn, pé iṣẹ́ lọ́yà kò níye lórí ju iṣẹ́ onígbàjámọ̀ lọ, torí gbogbo wa la ní ẹ̀tọ́ láti fi iṣẹ́ wa jẹun, àti pé ìgbésí ayé àgbẹ̀ àti oníṣẹ́ ọwọ́ ló yẹ ní gbígbé. Ó ní òun ti mọ ti àkọ́kọ́, òun rí ìkejì bí ẹni rí nǹkan nínú kùrukùru, ìkẹta kò sì wá sí òun lọ́kàn rí. Kò pẹ́ rárá tó fi ra ilẹ̀ ní Phoenix, lẹ́bàá Durban, éékà 100, £1,000. Ó kó ẹ̀rọ ìtẹ̀wé rẹ̀ lọ síbẹ̀. Ẹni tó ń kọ̀wé, ẹni tó ń to lẹ́tà, ẹni tó ń yí ẹ̀rọ, £3 lóṣù ni fún olúkúlùkù wọn. Owó alágbàṣe inú ọgbà àjàrà rèé! Ohun tí London fi ṣe ẹ̀rín ní 1860 ti di ìwé owó oṣù ní 1904.

Ní 1908, Gandhi fi èdè Gujarati kọ ìwé náà ní àkọgé, ó pè é ní *Sarvodaya*, ìtumọ̀ rẹ̀ ni ire gbogbo èèyàn. Ní 1910, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Bombay fòfin dè é, pẹ̀lú *Hind Swaraj* tí Gandhi fúnra rẹ̀ kọ. Ẹ bá mi wò ó: ìwé tí Gẹ̀ẹ́sì kọ, tí Gẹ̀ẹ́sì tà ní ṣílè kan, ni Gẹ̀ẹ́sì ń fòfin dè. Ní oṣù Kẹrin 1919, nígbà tí wọ́n ń tako òfin Rowlatt, Gandhi àti àwọn èèyàn rẹ̀ gbé ìwé méjèèjì jáde sí ìgboro Bombay láti rú òfin náà ní gbangba. Ánà mẹ́rin ni iye rẹ̀. Àwọn èèyàn ń da gbogbo owó àpò wọn sílẹ̀ láti ra ẹyọ kan. Gandhi ní òun rántí ẹnì kan tó san rúpìì 50. Gbogbo ẹni tó rà á ló mọ̀ pé ẹ̀wọ̀n lè wà nínú rẹ̀. Ìjọba wá ní ẹ̀dà tuntun kì í ṣe èyí tí àwọn fòfin dè, ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀.

Ó wù mí kí n parí síbí, kí a jọ pàtẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ kì í tan ọ̀rẹ́. Ní oṣù Kẹwàá 1865, àwọn aláwọ̀ dúdú ní Morant Bay, ní Jàmáíkà, dìde torí ebi àti ìrẹ́jẹ, Paul Bogle ló ṣáájú wọn. Gómìnà Edward Eyre rán ológun sí wọn. Èèyàn tó lé ní 400 ni wọ́n pa, wọ́n na ọgọ́rọ̀ọ̀rún, wọ́n sun ilé nǹkan bí 1,000. Wọ́n so Bogle rọ̀, wọ́n so George William Gordon tó jẹ́ aṣòfin rọ̀. Nígbà tí London pín sí méjì lórí ọ̀rọ̀ náà, Carlyle ló ṣáájú àwọn tó gbèjà Eyre, Ruskin sì tò sẹ́yìn rẹ̀. Ta ló ṣáájú àwọn tó ní kí wọ́n gbé Eyre lọ sílé ẹjọ́? John Stuart Mill! Mill tí Ruskin ní kò mọ̀ pé èèyàn lọ́kàn.

Ẹgbẹ́ ẹni méjì nì, ẹ wo ibi tí wọ́n jọ lọ. Mo pa ìwé náà dé fún ọjọ́ mẹ́ta nígbà tí mo mọ èyí. Èmi tí mò ń kà á, ọmọ aláwọ̀ dúdú ni mí. Nígbà tí Ruskin ń kọ̀wé nípa alágbàṣe tó dé kẹ́yìn, èmi ò sí nínú ìlà náà lójú rẹ̀. Gandhi pàápàá kò mọ́ tónítóní: ní 2018, yunifásítì Ghana ní Legon gbé ère rẹ̀ kúrò torí ohun tó kọ nípa àwọn adúláwọ̀ nígbà tó wà ní Gúúsù Áfíríkà.

Kí ni ká ti ṣe é, àbí ká sun ìwé náà? Èrò tèmi ni pé ọ̀rọ̀ náà gbòòrò ju ẹni tó sọ ọ́ lọ. Ruskin ló kọ "ẹni ìkẹyìn", kò sì mọ gbogbo ẹni tó wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Awakùsà kà á, ó rí ara rẹ̀. Ọmọ Íńdíà kà á, ó rí ara rẹ̀. Bí àwọn ará Morant Bay bá kà á, àwọn náà ì bá rí ara wọn níbẹ̀, yálà Ruskin fẹ́ àbí ó kọ̀. Òǹkọ̀wé ló gbé àga kalẹ̀, kò lè yan gbogbo ẹni tó máa jókòó.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè tó kọjá, mo tún bá ìyá náà lórí àtẹ̀gùn. Mo sọ ìtàn yìí fún un ní ṣókí: ìwé tí kò tà, rélùwéè, rúpìì 50. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ọdún mélòó ló gbà?" Mo ní ọdún mẹ́rìnlélógójì. Ó ní, "Háà, ọmọ mi, mi ò ní ọdún mẹ́rìnlélógójì o." Ó gbé garawa rẹ̀, ó ń lọ.

Òótọ́ ló sọ. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi máa rí bébà kan ní ẹnu ọ̀nà họ́sítẹ́ẹ̀lì lọ́sẹ̀ yìí, tí a máa fọwọ́ sí láti bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n san owó oṣù mẹ́ta fún gbogbo àwọn tó ń gbálẹ̀. Orúkọ mọ́kànlá ló ti wà níbẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi onímọ̀ ọrọ̀ ajé ló fọwọ́ sí i ṣìkẹta, ó ní kí n má tìtorí ẹ̀ kọ ewì nípa òun. Bí ẹ bá ti ka àròkọ yìí dé ibí, ẹ̀yin ni èsì tí mo jẹ ìyá náà. Bíírò wà lára bébà náà, mo fi okùn so ó mọ́ ọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má mú un lọ.